Wòlímọ̀ Ìyá Páílọ́ọ̀tì

Ní ọdún tí ìjọba san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́, bí ẹ bá dé Ṣakí tí ẹ ní ẹ ń wá Àwáwù ọmọ Alùfáà Ládòkun, àwọn ọmọdé lè máa wo yín lójú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà ti dárúkọ Ìyá Páílọ́ọ̀tì, kíá ni wọn yóò sìn yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Páílọ́ọ̀tì ọ̀hún kò sì tíì gbé èrò kankan dé ibì kan o! Ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣì wà, lókè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní wíwa bàálù. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa ń dúró kí ọmọ rẹ̀ dé ibi tó ń lọ kó tó máa yangàn? Bí bàálù bá ti ń kọjá lọ lórí òkè Àṣàbàrí, Àwáwù á sọ igbá òrí kalẹ̀, á na ìka sókè, á ní, "Ẹ wò ó, iṣẹ́ Ràsáàkì mi nìyẹn!" Bí bàálù náà bá jẹ́ ti àwọn Òyìnbó tó ń lọ sí ìlú wọn, kò kàn án.

Òrí ló ń tà. Ó máa ń ná ọjà Ìjió àti Àgọ́-Àrẹ, á ra òrí lọ́wọ́ àwọn tó ń pò ó, á wá tà á ní Ṣakí. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ohun kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀ tí kò ṣe déédéé, òun ni awò ojú tó máa ń lò sí àsàlátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Awò náà kò ríran ju ojú lásán lọ, wọ́n rà á lórí igbá ni. Bí àwọn obìnrin bá ti gbé Kùránì lé e lọ́wọ́ pé, "Ọmọ Alùfáà, ẹ kà á fún wa," Àwáwù á bọ́ awò, á nù ún, á tún un wọ̀, á pòṣé. "Áà, awò yìí tún ti ń ṣú mi lójú. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á." Gbogbo wọn a sì bá a kẹ́dùn ojú. Bó ṣe ń lọ nìyẹn láti ọdún gbọ́nhan. Jímọ̀ àbúrò rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ojú ló ń dùn ún.

Wàhálà tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Iléyá ku díẹ̀. Ọdún yẹn, àárín ọyẹ́ gan-an ni Iléyá bọ́ sí. Ràsáàkì ti òkè Ọya dé, ó fajú ro, kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ìyá rẹ̀ béèrè títí, ó wá tú u sọ.

Ràmọ́nì, bàbá rẹ̀, ló kú lọ́dún náà. Ràsáàkì wá sí ilé wá sin bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ padà lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àwáwù ló ta kú. Ó ní àkọ́bí kì í kúrò nílé láìṣe fídáù ogójì ọjọ́. "Ṣé bàálù ló bí ọ ni?" Ohun tó sọ nìyẹn, ni ọmọ bá jókòó. Nígbà tí yóò fi padà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ kan tán láìsí òun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí Ràsáàkì ṣe là á yé ìyá rẹ̀. Ó ní wíwa bàálù nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́ lọ́tọ̀, wíwà á nínú kùrukùru lọ́tọ̀. Nínú kùrukùru, awakọ̀ kò rí ilẹ̀, kò rí ọ̀run. Àwọn aago tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni yóò máa wò: èyí ń sọ bó ti ga tó, èyí ń sọ bóyá ó dagun, èyí ń sọ ibi tó dojú kọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba àṣẹ irú ìyẹn, ó di dandan kó kọ́kọ́ jókòó sórí ilẹ̀ níwájú olùkọ́. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ́ ọ, olùkọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ náà, á kọ ọjọ́ tó kọ́ ọ sí i, á fọwọ́ sí i. Tó bá wá parí, olùkọ́ kan náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí nísàlẹ̀ pé, mo ti kọ́ ọmọ yìí, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó tó ẹni tí ẹ lè dán wò. Láìsí ẹ̀rí yẹn, wọn kò ní jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà ìdánwò rárá.

Ojú ewé tirẹ̀ wá wà lófìfo. Bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi bàálù kó àwọn òṣìṣẹ́ elépo rọ̀bì ti ní àwọn yóò wá mú ọmọ lẹ́yìn Iléyá, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé ni wọn yóò sì mú. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, kó máa dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ta ló ń kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún?" Àwáwù béèrè.

"Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ni."

Àwáwù bú sẹ́rìn-ín, ó lu itan pàá. "Ìyẹn náà lo fi ń pa oúnjẹ tì? Jímọ̀ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n? Lọ jẹun, jàre. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Ká sọ pé Ràsáàkì rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ̀ ṣe rẹ́rìn-ín, ì bá dára. Ọmọ náà mọ àbúrò ìyá rẹ̀ nílé, ó sì mọ̀ ọ́n ní kíláàsì. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ Jímọ̀ lọ́hùn-ún ni Ó-Ku-Ẹyọ-Kan. Bó bá ti bi wọ́n ní ìbéèrè títí, tí wọ́n rò pé ó ti tán, tí wọ́n ti ń dìde, á gbé ìka sókè: "Ẹ jókòó. Ó ku ẹyọ kan." Bí wọn kò bá sì mọ ẹyọ kan náà, kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Jímọ̀ dé ní ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ènìyàn ni, kì í pariwo, bírò kò sì kúrò ní àpò ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n ki ìrun, wọ́n pa àgbò, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àwáwù gún iyán fún àbúrò rẹ̀, ó din wàrà sínú ọbẹ̀ bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Ó dúró kó jẹun tán, ó dúró kó ṣanwọ́.

"Àjàní," ó fi oríkì pè é, "ṣé o yó?"

"Mo yó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yọ bírò rẹ." Ó gbé ìwé Ràsáàkì kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

Jímọ̀ wo Ràsáàkì. Ràsáàkì ń wo ilẹ̀.

"Kí ni kí n kọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ohun tí o kọ sí tàwọn yòókù."

"Ohun tí mo kọ sí tàwọn yòókù ni pé mo kọ́ wọn. Ràsáàkì, ṣé mo kọ́ ọ?"

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá."

"Ẹ ò rí i? Irọ́ ni mo máa kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló ní kó o purọ́?" Àwáwù tún ìdí rẹ̀ gbé. "Ṣé o ò ní kọ́ ọ ni? Wàá kọ́ ọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ilé-iṣẹ́ mú un, kó o wá máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ṣebí inú ilé kan náà ni ẹ wà?"

"Ẹ̀rí ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n jẹ́rìí ni. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ̀rí èké jẹ́ nínú ẹ̀sìn wa."

Ojú Àwáwù yí padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kó yáa sún sẹ́yìn. "Jímọ̀! Èmi lò ń wàásù fún? Ta ló ń gbé igbá òrí kiri nínú oòrùn kí ìwọ lè jókòó lórí ẹní kàwé? Bàbá wa fi wàláà ìkéwú lé ọ lọ́wọ́, ó fi igbá lé mi lórí. Ṣé mo sọ̀rọ̀? Èmi ni mo dá Ràsáàkì dúró ṣe fídáù, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo wá ń bẹ̀ ọ́. Ṣé kí n kúnlẹ̀ ni?"

Ó sì ń kúnlẹ̀ lóòótọ́! Jímọ̀ fò dìde, ó di apá rẹ̀ mú. Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n. Àwáwù rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò, ó rí i tó kan bírò náà. Ó rí i tí ọwọ́ náà tún sọ̀ kalẹ̀ lófìfo.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sùn lé e lórí," Jímọ̀ ní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ti bo ìlú pátápátá. Òkè Àṣàbàrí kò hàn rárá, bí ẹni pé wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Jímọ̀ wá kan ilẹ̀kùn Àwáwù, Ràsáàkì tẹ̀lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa kálọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyápọ̀ onígbàjámọ̀."

"Kí n lọ ṣe kí ni níbẹ̀? Ṣé kó fá irun mi ni?"

"Ẹ máa bọ̀ ná."

Ìyápọ̀ onígbàjámọ̀ ní àga kan tó rà wá láti Ìbàdàn, tó ń yí bírí lórí ẹsẹ̀ kan. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, ó sì máa ń fi ọwọ́ nù ún bí ẹni nu ọmọ. Jímọ̀ ní kí Àwáwù jókòó síbẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ di ojú rẹ̀ pinpin. "Màá máa yí yín. Apá ibi tí ẹ bá mọ̀ pé mo ń yí yín sí, ẹ na ìka sí i. Ẹ má ṣí ojú o."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí yí i sí ọ̀tún. Àwáwù na ìka sí ọ̀tún. Jímọ̀ ń yí i lọ, kò yára, kò dẹwọ́. Nígbà tó ṣe, Àwáwù ká ìka kò. "O ti dúró," ló wí. Àwọn tó ń dúró fárí bú sẹ́rìn-ín, nítorí àga ṣì ń yí. Jímọ̀ wá fi ọwọ́ di àga mú, ó dúró gbagidi, ó sì fi í sílẹ̀. Àwáwù figbe ta.

"Rọra o! Kí ló dé tó o wá ń yí mi sí òsì? Jímọ̀, o fẹ́ gbé mi ṣubú ni?"

"Ẹ tú ìborùn."

Ó tú u. Àga kò mira. Ọ̀kánkán ni Jímọ̀ dúró sí, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ìyápọ̀ kò sún mọ́ ibẹ̀. Àwáwù di apá àga náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní. "Ẹ tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe. Bó ṣe rí náà ló tún rí.

"Ara yín ló purọ́ fún yín," Jímọ̀ sọ fún un. "Bẹ́ẹ̀ náà ló ń purọ́ fún gbogbo ènìyàn. Tiyín dára, ẹ ní ìborùn tí ẹ lè tú. Nínú kùrukùru, kò sí ìborùn tí ẹnikẹ́ni lè tú. Ara á ní ọ̀tún, aago á ní òsì. Ẹni tí a bá kọ́ títí tó wọ̀ ọ́ lára, aago ni yóò tẹ̀ lé. Ẹni tí a kò bá kọ́, ara rẹ̀ ni yóò gbà gbọ́. Á máa yí bàálù lọ sílẹ̀, á sì máa rò pé tààrà lòun ń lọ."

"Ràsáàkì kò lè ṣe irú rẹ̀," Àwáwù ní. "Ó ti ń wa bàálù."

"Èmi máa mọ̀ ọ́n," Ràsáàkì náà fọ́nnu. Ó fò sórí àga. Wọ́n di ojú rẹ̀, Jímọ̀ yí i sí ọ̀tún, ó dá a dúró. Kíá ni ọmọ náà na ìka: "Òsì! Ẹ ti ń yí mi sí òsì!" Ó dá a lójú débi pé ó tún yí orí tẹ̀lé e.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì yìí, tàbí bí wọ́n bá rín in, Àwáwù kò gbọ́. Ó ń wo ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀ lórí àga tó dúró jẹ́ẹ́, tó ń na ìka síbi tí kò sí. Ẹ̀rù bà á dé mùdùnmúdùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìyá. Bí wọ́n ti ń darí bọ̀ wá sílé, ó tún ti ń wá ọ̀nà tó máa gbé e gbà. Wọn kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Ó dáa. Mo ti rí i. Wá kọ́ ọ lónìí àti lọ́la, kó o sì fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àga nìkan kọ́. Aago kọ̀ọ̀kan wà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti kú. Ìwà ojú ọjọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí rédíò wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ sí pápá tí a kò rí wà níbẹ̀. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù."

"Ta ni yóò mọ̀?" Ohùn Àwáwù ti wálẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. "Ṣebí bí wọ́n ti ń ṣe wòlímọ̀ náà nìyẹn? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó lórí ẹní wòlímọ̀ ló ti ka Kùránì tán. Wọ́n á ṣáà ṣe é fún un, tó bá yá, á kà á."

Jímọ̀ gbé ojú sókè. Kò wò ó pẹ̀lú ìbínú. Ó wò ó pẹ̀lú àánú, ìyẹn ló sì burú jù.

"Tiyín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?" ó rọra béèrè. "Ṣé ó ti wá yá?"

Hà! Àwáwù dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà tí Àwáwù fẹ́ lọ sílé ọkọ, kí a tó sìn ín jáde, wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún un bí wọ́n ti ń ṣe é fún ọmọ mùsùlùmí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó ti ka Kùránì. Bàbá rẹ̀ ló jókòó níwájú rẹ̀. Alùfáà Ládòkun yìí, ẹ má wulẹ̀ fi ṣeré o! Ọmọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú wá fún wòlímọ̀, á di ojú, á ṣí Kùránì níbikíbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bọ́ sí, á ní, "Kà á." Bí ọmọ kò bá lè kà á, kó lọ sílé, ì báà ṣe pé wọ́n ti se oúnjẹ, ì báà ṣe pé àlejò ti pé. Àwọn òbí tí inú ń bí sí i nítorí rẹ̀ kò kéré. Lọ́jọ́ yẹn, Àwáwù jókòó nínú aṣọ funfun, ó ń fi ẹ̀rù retí kí bàbá òun di ojú kó ṣí ìwé. Igbá òrí kò jẹ́ kó mọ̀ ju lẹ́tà díẹ̀ lọ, bàbá náà sì mọ̀, nítorí òun ló gbé igbá lé e lórí. Bàbá kò di ojú. Ó kan ṣí ibi tó ti sàmì sí, ó ní, "Máa wí tẹ̀lé mi." Ó ń wí, ọmọ ń wí tẹ̀lé e. Àwọn ènìyàn ń kígbe Alláhù Akibárù. Jímọ̀ wà nítòsí, ọmọdé ni nígbà náà, ó ń wo ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ìlà tí kì í ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ ń kà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé Kùránì lé Àwáwù lọ́wọ́, láti ìgbà náà ló sì ti ń sá fún un. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ó mọ̀ ọ́n, ta ni yóò wá kọ́ ọ? Ta ni yóò bi léèrè? Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó mú awò náà lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ohun tí bàbá òun ṣe fún òun, ìfẹ́ ni. Ohun tí òun ń bẹ Jímọ̀ pé kó ṣe fún Ràsáàkì, ìfẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Kùránì kà, ojú lásán ni yóò tì í. Ràsáàkì ńkọ́? Kí ni yóò fi bo tirẹ̀ lókè lọ́hùn-ún? Àwáwù sunkún dáadáa lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó jáde, ó bá Ràsáàkì lórí àkéte. Ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́.

"Gbé e padà bó ṣe rí. Bá Bọ̀ọ̀dá rẹ lọ, kó o jókòó ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kó bi ọ́ ní gbogbo rẹ̀. Tó bá ku ẹyọ kan, kó bi ọ́ lẹ́yọ kan náà."

"Màmá, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́?"

"Kí wọ́n mú ẹni tí wọ́n bá fẹ́ mú. Èmi ni mo dá ọ dúró ṣe fídáù, èmi náà ni yóò gbọ́ ẹnu ìlú."

Ó sì gbọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ náà wá, ó mú àwọn ẹgbẹ́ Ràsáàkì, ó fi í sílẹ̀. Ìròyìn dé Ṣakí, ẹ sì mọ ẹnu ọjà. "Ìyá Páílọ́ọ̀tì, bàálù dà?" "Ṣé ó ti já lọ́nà ni?" Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Jímọ̀ ló ṣe ìlara ọmọ. Àwáwù kò bá wọn fa á. Ó kàn máa ń sọ pé, "Ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́," á sì gbé igbá rẹ̀, á máa lọ.

Ohun kan ni wọn kò mọ̀. Ní Àgọ́-Àrẹ, àgbàlagbà obìnrin kan wà tí í jẹ́ Àdìjátù, opó alùfáà, tí Àwáwù máa ń ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kan, lẹ́yìn tí wọ́n ná ọjà tán, Àwáwù kò dìde.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sára wàláà."

"Fún ọmọ-ọmọ yín ni?"

"Fún èmi."

Àdìjátù kò rẹ́rìn-ín, kò béèrè ìdí. Ó wá wàláà ọkọ rẹ̀ rí, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjà Àgọ́-Àrẹ tí Àwáwù pa jẹ. Ọkọ̀ ìkẹyìn ló máa ń bá bọ̀. Oṣù ń gorí oṣù, ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ yi bí ẹran gbígbẹ, àwọn lẹ́tà jọra wọn lójú rẹ̀, ó máa ń bínú, á ju wàláà sílẹ̀, á ní òun kò ṣe mọ́. Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹ ó tún bá a níbẹ̀. Àdìjátù kò ní jẹ́ kó fọ wàláà títí yóò fi ka ohun tó wà lára rẹ̀ lọ síwá, kó tún kà á wá sẹ́yìn.

Iléyá tún yí po. Jímọ̀ àti Ràsáàkì jọ wọlé, ojú Ràsáàkì sì ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ṣí ìwé náà. Ojú ewé tó wà lófìfo níjọ́sí ti kún: ẹ̀kọ́, ọjọ́, ìfọwọ́sí, ẹ̀kọ́, ọjọ́, ìfọwọ́sí. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀rí Jímọ̀ wà níbẹ̀ ní bírò dúdú. Ó ti ṣe ìdánwò, ó ti yege. Ilé-iṣẹ́ ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ti ọdún àná kò padà wá. Òmíràn kan ti ní kó wá kí wọ́n rí i, wọn kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Bọ̀ọ̀dá gbé mi sórí irú àga tó ń yí yẹn lọ́hùn-ún títí mo fi bì," Ràsáàkì ń rẹ́rìn-ín. "Ní báyìí, ara mi lè pariwo bó ṣe wù ú, aago ni mò ń wò."

Àwáwù fi ìka tọ ẹ̀rí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Òyìnbó ni. Ó pa ìwé dé, ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀. Ó wá wọ yàrá, ó sì gbé Kùránì bàbá wọn jáde. Kò wọ awò. Ó jókòó sórí ẹní níwájú àbúrò rẹ̀, ó gbé Kùránì náà lé e lọ́wọ́.

"Àjàní, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí. Ṣí i níbi tó bá wù ọ́."

Jímọ̀ wò ó, kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó di ojú rẹ̀ bí bàbá wọn ṣe máa ń di tirẹ̀, ó ṣí ìwé náà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ kà á."

Àwáwù bẹ̀rẹ̀. Kò kà á bí alùfáà. Ó ń kà á bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú omi, ó ń dúró, ó ń tẹ̀ síwájú, ìka rẹ̀ sì wà lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń pè gan-an. Ìlà kan tán. Ó bọ́ sí ìkejì, ó ṣi lẹ́tà kan kà, kò mọ̀, ó ń lọ.

Omijé ti ń dà wọ irùngbọ̀n Jímọ̀. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, ó fi ìka dá ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró.

"Ẹ tún ibẹ̀ kà, ẹ̀gbọ́n mi."

Àwáwù padà sẹ́yìn, ó sì tún un kà.